Ìrèké Kì í Ṣe Ohun Àjẹdànù: Ẹ Jẹ́ Ká Ronú Kí A Tó Fi Àkùrọ̀ Ẹgbẹ́ Háyà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìdá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn ọjà sá fún wa. Àwọn yẹn mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ìrèké ni.

A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ṣé ìrèké tí àwọn ọmọ ń fi eyín bó lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n ń tu pòpórò rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri?" Òun náà ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá, a ka ìwé kan sétí yín. Oníṣòwò kan tí kì í ṣe ọmọ Ìràwọ̀ ló kọ ọ́. Ó fẹ́ háyà ilẹ̀ àkùrọ̀ ẹgbẹ́ fún ọdún 10, ó sì ṣetán láti san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ká pín in. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní í dùn sówó, lásìkò tí owó ilé ìwé àti owó ajílẹ̀ ń lé ara wọn kiri? Ìgbà tí a béèrè ohun tó fẹ́ gbìn ni a gbọ́ pé ìrèké ni. Ibẹ̀ ni bàbá kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti dìde, wọ́n ní: "Ẹni tó fẹ́ san owó ọdún 10 sórí ibi tí ẹ̀ ń pè ní ẹrẹ̀, ṣé ẹ rò pé ẹrẹ̀ lòun rí níbẹ̀ ni?" Bàbá jókòó. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìbéèrè yẹn la gbé délé. Òun ló mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, nítorí oṣù tó ń bọ̀ la máa dìbò sí i.

Èrò wa nìyí, a kò ní í fi bò: kí ẹgbẹ́ má ṣe fi àkùrọ̀ náà háyà. Kí a fi apá kan rẹ̀ gbin ìrèké fúnra wa, kí a sì kọ́ bí a ṣe ń lo gbogbo ara ìrèké, láti ewé dé omi dé pòpórò. Ẹni tó bá ta ìrèké ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, owó ọ̀pá náà ló gbà. Owó tó wà nínú ìyókù, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌRÈKÉ

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá lọ ìrèké 1,000 kílò, bí 100 kílò ṣúgà ni wọ́n sábà máa ń rí nínú rẹ̀. Kí wá ni ìyókù? Omi ló pọ̀ jù. Pòpórò tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán máa ń tó bí 300 kílò. Lẹ́yìn èyí, ó ku bí 30 sí 40 kílò omi dúdú kan tó ki, tó ń fà bí oyin, tí ẹ̀rọ kò lè yọ ṣúgà inú rẹ̀ mọ́. Omi dúdú yìí ni wọ́n ń pè ní mọ̀lásíìsì. Ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí nígbà kan. Lónìí, ọjà ńlá ni káàkiri ayé.

Bí àwa bá fún omi ìrèké nílé, tí a sè é títí tó fi ki, tí a kò yọ ṣúgà kankan kúrò níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe mọ̀lásíìsì gan-an. Oyin ìrèké la ó máa pè é nínú ìwé yìí. Bí a bá tún sè é kọjá bẹ́ẹ̀, tí a rò ó dáadáa, tí a dà á sínú àwo, yóò gan. Àwọn Hausa ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, mazarkwaila ni wọ́n ń pè é, ìkòkò ńlá àti iná ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú 100 kílò ìrèké, èèyàn lè rí bíi 10 kílò irú èyí tó gan yẹn. Ẹ rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kò sì gba ìwé gíga.

ÀWỌN TÓ GBÌN ÍN TÍ WỌN KÒ JẸ Ẹ́

Ìdí kan wà tí ọ̀rọ̀ háyà yìí fi ń dùn wá. Àwọn baba ńlá wa ti mọ ìrèké ní ọ̀nà tó korò. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ní nǹkan bí 1830 sí 1840, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Kúbà, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Bràsíìlì, Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n. Oko ìrèké àti ilé ìsèṣúgà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọjọ́ ayé wọn. Wọ́n ń gé ìrèké lọ́sàn-án, wọ́n ń fún un, wọ́n ń sè é lóru. Mọ̀lásíìsì tó ṣẹ́kù, wọ́n fi ń pọn ọtí líle. Ọtí líle yẹn ni wọ́n tún ń kó wá sí etíkun Áfíríkà láti fi ra ẹrú sí i. Ọdún 1886 ni ìsìnrú tó dópin ní Kúbà, ti Bràsíìlì sì dópin ní 1888.

A kò sọ pé oníṣòwò tó kọ̀wé sí wa jọ àwọn yẹn. Rárá o, kò ṣe wá ní ibi kankan, owó rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣòwò. Ohun tí à ń sọ ni pé ayé ti rí i rí pé ẹni tó gbin ìrèké kọ́ ló jẹ èrè rẹ̀. Bí a bá háyà ilẹ̀ fún un tán, àwa náà ni yóò tún wá gba iṣẹ́ ojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó máa ro oko lórí ilẹ̀ tiwa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

OÒGÙN ÀTI OÚNJẸ

Nínú ilé Yorùbá, kò sẹ́ni tí kò mọ ipò ìrèké. Ó wà níbi ìsọmọlórúkọ, ó wà níbi ìdána, a fi ń wúre pé kí ayé ọmọ dùn, kí ilé tọkọtaya dùn. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìwúre, ṣúgà inú ìrèké ti gba ẹ̀mí ọmọ là ní ilẹ̀ yìí.

Àwọn ìyá tó tọ́ ọmọ ní àwọn ọdún 1980 sókè yóò rántí omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ wọn fún ọmọ tó ń ṣu omi. Omi tó mọ́, 600 mílílítà, èyí tó kún ìgò bíà ńlá kan; kóró ṣúgà onígun 5, tàbí ṣíbí tíì kékeré 10; pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì kékeré 1. Ṣíbí kékeré tó ń gba 3 mílílítà ni wọ́n ń wí, a sì gbọ́dọ̀ gé ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Ṣúgà yìí kì í ṣe fún adùn. Òun ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi wọnú ara. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọ. Ìdí nìyí tó fi dára jù ká gba èyí tí wọ́n ti pò sínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú oògùn síǹkì tí wọ́n ń fi kún un báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi oyin ìrèké rọ́pò ṣúgà nínú rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò bára mu. Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, tàbí ojú rẹ̀ jìn wọnú, ẹ má dúró wo ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ.

Mọ̀lásíìsì náà ní tirẹ̀. Gbogbo ohun rere tí ilẹ̀ fi sínú ìrèké tí ṣúgà funfun kò mú dání, inú omi dúdú yẹn ló kù sí: irin tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kálísíọ̀mù tó wà fún eegun, pọtásíọ̀mù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣíbí kan ni àwọn àgbà máa ń fi lá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ká má parọ́ fún ara wa. Kì í wo aláìlẹ́jẹ̀ tó ti dójú ikú. Kò sì yẹ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, nítorí ṣúgà ni ṣúgà ń jẹ́, ìbáà dúdú, ìbáà funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá sọ́jà tó ní ó ń wo àìsàn mẹ́tàdínlógún, ẹ bi í léèrè ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ohun tí a rò pé oyin ìrèké lè ṣe fún wa ni oúnjẹ. Àwọn ìyá tó ń ṣe àádùn, àwọn tó ń ta kúnú, àwọn tó ń ta ṣóbò, gbogbo wọn ló ń ra ṣúgà. Ṣúgà ti wọ́n, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjà wà nílẹ̀ fún wa láti orí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwa gan-an.

OÚNJẸ ẸRAN NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá jù. Ní Òkè-Ògùn wa yìí, tó bá di oṣù Ṣẹẹrẹ, koríko ti gbẹ, iná ti jó èyí tó kù. Ewúrẹ́ àti àgùntàn a máa rù títí egungun ìhà wọn á fi ṣeé kà. Àwọn tó ń sin màlúù á máa dà wọ́n lọ sí etí odò Ọ̀fíkì, ibẹ̀ ni ìjà àgbẹ̀ àti darandaran sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ pòpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà wà nílẹ̀ lóko, ẹran kò fẹ́ jẹ ẹ́ nítorí pé ó gbẹ, kò sì dùn.

Bí a bá bu mọ̀lásíìsì díẹ̀, tí a fi omi là á, tí a wọ́n ọn sórí pòpórò tí a ti gé wẹ́wẹ́, ẹran á jẹ ẹ́. Adùn rẹ̀ ń fà wọ́n, ó sì ń fún wọn lágbára. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn gùn bíi tiwa, wọ́n tún ń po mọ̀lásíìsì mọ́ èérí, iyọ̀, sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti ajílẹ̀ yúríà díẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n bíi búlọ́ọ̀kù, ẹran á máa lá a díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: yúríà lè pa ẹran. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ tó ti dàgbà nìkan ló wà fún. Kì í ṣe ti adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ẹṣin tàbí ọmọ ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú. A kò gbọ́dọ̀ fi omi pò ó fún ẹran mu láéláé. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti Ṣakí bá wa wọn èlò rẹ̀.

Ewé orí ìrèké ńkọ́? Èyí tí à ń gé jù nù lóko nígbà ìkórè, oúnjẹ ẹran gidi ni. Ìgbà tí ìrèké ń gbó, ìgbà náà gan-an ni ẹ̀ẹ̀rùn ń mú. Ọlọ́run ló tò ó bẹ́ẹ̀, àwa la kò kíyè sí i.

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa níbí. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, ọ́fíìsì wa fi owó ẹgbẹ́ ra dúrọ́ọ̀mù mọ̀lásíìsì kan fún àwọn tó ń sin àgùntàn. Ọwọ́ alágbàtà kan la ti rà á, a kò ní í dárúkọ rẹ̀. A kò tọ́ ọ wò, a kò rò ó wò, ìwé owó la kàn buwọ́ lù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí dúrọ́ọ̀mù náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹmu, ó ń rùn kíkan, ìdérí rẹ̀ sì ń wú. Wọ́n ti bomi là á! Mọ̀lásíìsì tó ki dáadáa kì í tètè kan, ó lè pẹ́ gan-an nílẹ̀. Èyí tí omi bá ti wọ̀ ni ìwúkàrà máa ń jà nínú rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ bọ́ sómi, ọwọ́ wa ló sì ti bọ́. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ni pé ohun tí èèyàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò lè mọ ayédèrú rẹ̀ lọ́jà.

Ẹ má sì rò pé ohun yẹpẹrẹ ni ìpamọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1919, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, táǹkì ńlá kan tí mọ̀lásíìsì inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8 lítà bẹ́ sáàárín ìlú. Wọn kò kọ́ táǹkì náà dáadáa. Omi dúdú náà ya bí odò, ó wó ilé, ó sì gbé ẹṣin àti èèyàn lọ. Èèyàn 21 ló kú, bíi 150 ló farapa. Dúrọ́ọ̀mù tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé èyí tó ń hó pinpin, ó ń wá ìjàngbọ̀n.

BÚRẸ́DÌ ÀTI ILÉ KÍKỌ́

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ìrèké ń ṣe tí a kò mọ̀. Yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà nínú páálí, orí mọ̀lásíìsì ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń bọ́ ọ kó tó pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ yìí ti jẹ nínú oore ìrèké.

Fún ẹ̀yin tó ń kọ́lé: ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ birikilà yín. Bí ṣúgà tàbí oyin ìrèké, ì báà ṣe díẹ̀, bá wọ inú sìmẹ́ǹtì tí ẹ ń pò, kò ní í tètè gan, ó sì lè má gan rárá bó bá pọ̀. Àwọn ẹnjiníà tó gbọ́n máa ń fi ìwọ̀n kékeré rẹ̀ dá sìmẹ́ǹtì dúró nígbà tí oòrùn bá mú tàbí ọ̀nà bá jìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, kó má fi korobá tó fi bu oyin ìrèké po kọnkéré.

ỌRÀN EPO ỌKỌ̀

Láti oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kò jẹ́ ká gbádùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìrèké ń wa ọkọ̀, kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò pọn tirẹ̀ sínú ọ̀kadà?

Wọn kò parọ́. Ní 1973, owó epo rọ̀bì gun òkè lójijì lágbàáyé. Bràsíìlì ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú epo tó ń lò, ó sì ní ìrèké rẹpẹtẹ. Ní 1975, ìjọba wọn dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Proálcool, láti máa pọn sípírítì láti ara ìrèké fún ọkọ̀. Ní 1979, ọkọ̀ Fiat 147 tó ń lo sípírítì nìkan ti jáde. Láti 2003, ọkọ̀ tó lè mu bẹntiróòlù, tó lè mu sípírítì, tó lè mu àdàlú méjèèjì, ti dé ọjà wọn. Láti 2015 wọ́n ń da 27 nínú ìdá 100 mọ́ bẹntiróòlù, wọ́n sì sọ ọ́ di 30 ní 2025. Pòpórò tí wọ́n fún tán, òun náà ni wọ́n ń dá sábẹ́ iná láti fi tan ẹ̀rọ àti láti pèsè iná mànàmáná.

Nàìjíríà náà gbìyànjú. Ní 1973 wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Bàsíta, ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti fi mọ̀lásíìsì ilé iṣẹ́ ṣúgà ibẹ̀ ṣe yíìsì àti sípírítì. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí á máa da sípírítì ìrèké àti ti ẹ̀gẹ́ mọ́ bẹntiróòlù, 10 nínú 100. Ṣé ẹ ti ra irú epo bẹ́ẹ̀ rí ní Àgọ́-Àrẹ tàbí ní Tedé? Àwa kò tíì rà á.

Ìdáhùn wa fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí ẹ ṣe sùúrù. Sípírítì tí ọkọ̀ ń mu gba ẹ̀rọ olówó gọbọi, ó gba ilẹ̀ tó lọ salalu, ó sì gba ìwé àṣẹ. Ewu tún wà níbẹ̀. Ní 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn kan tilẹ̀ ń pariwo pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló pa wọ́n, oríṣi sípírítì tó jẹ́ májèlé, tó sì ń fọ́ ojú. Lọ́dún kan náà ló tún pa àwọn tó mu ògógóró ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹgbẹ́ yìí kò ní í fi orúkọ rẹ̀ sí ọtí tàbí sípírítì kankan níwọ̀n ìgbà tí àwa bá ṣì ń kọ ìwé rẹ̀.

Epo tí ìrèké lè fún wa lónìí ni pòpórò rẹ̀. Bí a bá sá a gbẹ, òun náà la ó fi sè omi rẹ̀. A kò ní í gé igi ẹmi kan nítorí rẹ̀.

BÀSÍTA ÀTI PRAVARANAGAR

Àwọn tó ta kò wá ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára. Wọ́n ní, "Bí Bàsíta pẹ̀lú owó ìjọba bá ṣubú, ta ni ẹ̀yin?" Òótọ́ ni. Ọdún 1961 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ṣúgà Bàsíta sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní 1964. Gbogbo wa ló mọyì rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gbó, owó tán, ìjọba sì tà á fún aládàáni lẹ́yìn ọdún 2000. Láti 2013 tí ètò ṣúgà ti ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló ń kó owó sí i, irú Dangote ní Numan, àti ilé iṣẹ́ Flour Mills ní Sunti, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí wọ́n ṣí ní 2018. Àwa kò lè bá wọn dọ́gba, a kò sì ní í gbìyànjú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké kan wà tí àwọn onílé iṣẹ́ àti àwọn ayánilówó ń rẹ́ jẹ. Vithalrao Vikhe Patil, àgbẹ̀ bíi tiwa, kó wọn jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gadgil tó mọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé dúró tì í. Wọ́n dá owó díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń dá tiwa yìí, ní 1950 ilé iṣẹ́ ṣúgà alájẹṣẹ́kù tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Pravaranagar. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ìrèké ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀ lé wọn káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n ní ìṣòro tiwọn, òṣèlú wọ inú òmíràn, omi odò kò tó ní àwọn ibì kan nítorí ìrèké ń mu omi gan-an. Síbẹ̀, ẹni tó gbìn ín wà lára ẹni tó ni ín.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ní Bàsíta, ìjọba ló ni ẹ̀rọ, àgbẹ̀ kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó wó, kò sí ẹni tó lè sọ pé "tèmi ni, mo fẹ́ tún un ṣe."

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

A kò gbàgbé ẹ̀rọ ìrin-gàrí wa tó ti dípẹtà sínú ahéré ẹgbẹ́. A rà á kí a tó béèrè ẹni tó máa tún un ṣe. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti máa fura sí wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ wa kéré, kó sì ṣeé wọ̀n.

Èkíní, ìdá mẹ́rin àkùrọ̀ náà ni ká fi ìdá kan gbin ìrèké lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ síbẹ̀ kí wọ́n má kúrò. Ìrèké ń gbà tó oṣù 10 sí 12 kó tó gbó, bí a bá sì gé e, kùkùté rẹ̀ á tún rú, a ó sì tún gé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìgbin òmíràn.

Èkejì, ká yá ẹ̀rọ tí ń fún ìrèké lò ná, ká má tíì ra tiwa. Ìrèké tí a bá gé lónìí, láàárín ọjọ́ kan ni ká fún un, nítorí adùn rẹ̀ máa ń dín kù bó bá pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, ilé gàrí tó wà nítòsí àkùrọ̀ ni ká ti ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ ni alábòójútó ìsè àti títà. Àwọn ló mọ iná, àwọn ló mọ ọjà, àwa ọkùnrin ló sì ra dúrọ́ọ̀mù tó ń hó.

Ẹ̀kẹrin, kí ewé orí rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń sin ẹran nínú ẹgbẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, kí ìyókù sì wà fún títà fún àwọn Fúlàní tó wà nítòsí wa. Bóyá èyí náà á dín ìjà etí odò kù.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa ka ìwé owó rẹ̀ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, ní Yorùbá, kọ́bọ̀ kan kò ní í fara pamọ́.

Bí ìkórè ìgbà méjì bá kọjá tí a kò rí èrè, àwa fúnra wa la ó kọ́kọ́ gbé ìwé wá pé kí a fi ilẹ̀ náà háyà, ṣùgbọ́n fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ọdún 10. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní lónìí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ìwé girama kí ọdún 10 tó pé. Owó tí a bá pín lónìí, ta ni yóò ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ títí dìgbà yẹn?

A ti sọ tiwa, ìpinnu kù sọ́wọ́ yín. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀, kó wá sí ìpàdé wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kó má dúró sí ìdí igi sọ ọ́. Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù de ọ̀la. Ẹ má jẹ́ ká jẹ ọdún 10 tán lọ́jọ́ kan.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìràwọ̀.